Dráyà ń yí, aṣọ kò gbẹ: ẹ má tíì dá fíùsì lẹ́bi

Ìbéèrè: Dráyà wa ń yí, iná ojú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n bí a ṣe kó aṣọ sí i ní tútù náà là ń kó o jáde. Kí ooru rẹ̀ tó dákẹ́ pátápátá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì kí aṣọ ìnura tó gbẹ. Ó tún ti ń dún kíín-kíín bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àbúrò ọkọ mi tó mọ̀ díẹ̀ nípa iná tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní fíùsì kan ló jó, pé òun á fi wáyà so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án la ti ń lò ó. Ṣé kí n jẹ́ kó so ó, àbí ká kúkú ra tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó so ó. Ẹ má sì tíì ra tuntun. Mi ò sọ pé àbúrò ọkọ yín purọ́ o. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí fíùsì náà ti jó. Ohun tí mi ò bá a gbà ni pé kó fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí aṣọ kò fi tètè gbẹ yẹn ni mo gbá mú. Fíùsì kì í jó díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti já, ó já nìyẹn, lójú ẹsẹ̀ ni ooru máa dákẹ́. Nǹkan tó ń fa aṣọ yín sẹ́yìn ti wà níbẹ̀ kí fíùsì tó kú, ó sì jọ pé òun gan-an ló pa á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ooru ló ń mú aṣọ gbẹ. Ooru nìkan kò tó. Ẹ gbé aṣọ tútù sínú ìkòkò, ẹ dé e pa, ẹ wá dáná sí i nídìí: aṣọ á gbóná, ìdérí ìkòkò á làágùn, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò ní gbẹ, torí omi tó ti di oru kò ríbi gbà jáde. Iṣẹ́ mẹ́ta ni dráyà ń ṣe pọ̀. Ó ń yí aṣọ nínú àgbá, ó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, fáànù rẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ náà gba àárín aṣọ kọjá, ó ń gbé omi lọ síta. Ìkẹta yìí ni kì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá dí, aṣọ á pẹ́ nínú àgbá, ooru tí kò rọ́nà lọ á sì máa ká jọ sí ìdí wáyà tó ń gbóná, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní élímẹ́ǹtì. Tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ bí ooru ṣe pọ̀ tó, á máa pa á, á tún máa tàn án. Ó di ọjọ́ kan, ooru á kọjá ohun tí apá tẹ́mósítáàtì ká, fíùsì ooru á já kí ilé má baà jó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíùsì tí wọ́n so mọ́ ilé fáànù ń já ní nǹkan bí 90°C. Bó bá ti já, kì í padà sípò. Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ ni. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, bí fíùsì yìí bá lọ, gbogbo ẹ̀rọ ló máa kọ̀ tí kò ní yí rárá. Nínú àwọn mìíràn, àgbá á máa yí lọ láìsí ooru. Tiyín jọ irú èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni tó tún mú síkúrùdíráfà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ń yan ooru lójú ẹ̀rọ náà. Ẹ má bínú pé mo béèrè, ṣùgbọ́n ọmọdé máa ń yí i sí afẹ́fẹ́ tútù, àgbà náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo bíréékà. Bí tiyín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó ń gba 240 volt láti orí wáyà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé 120, mọ́tò rẹ̀ lè máa fi wáyà kan ṣoṣo yí nígbà tí ooru ń retí méjèèjì. Bíréékà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bẹ ní ìbejì, ọ̀kan lè já kí ojú má rí i pé ó já. Ẹ pa méjèèjì pátápátá, kí ẹ wá tàn wọ́n padà. Mo ti rí ẹni tó ra élímẹ́ǹtì, tó tún ra tẹ́mósítáàtì, tó tú ẹ̀rọ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ bíréékà ni gbogbo wàhálà yẹn.

Bí bíréékà bá dára, ẹ fa asẹ́ tó ń gba ẹ̀gbọ̀n òwú jáde. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n báyìí náà, títí kò fi ní sí nǹkan kan lójú rẹ̀, ẹ wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ẹ ṣí omi díẹ̀ sí i. Bó bá mọ́ lóòótọ́, omi á gba ojú rẹ̀ kọjá bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ bí omi tó dúró lórí ewé kókò, àwọ̀ kan tí ojú ò rí ti bo ihò rẹ̀ nìyẹn. Bébà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ kó lè rọ̀ ló sábà máa ń fà á: ìda ara rẹ̀ ń yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ asẹ́. Omi gbígbóná, ọṣẹ abọ́ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ó tán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ọ̀nà ọ̀fun tí asẹ́ ń wọ̀ náà ń kó ẹ̀gbọ̀n jọ, ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa eruku wọ inú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ síta ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹnìkan lọ dúró níta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, kó na ọwọ́ síwájú rẹ̀. Ìdérí kékeré tó wà níbẹ̀ yẹ kó gbéra dáadáa, kí afẹ́fẹ́ sì ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń mí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni tí otútù mú, ẹ padà wọlé, ẹ yọ páìpù kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ tún tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan láìsí páìpù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tú jáde lágbára lẹ́yìn ẹ̀rọ nísinsìnyí, páìpù ló dí. Bí kò bá lágbára síbẹ̀ náà, ìdíwọ́ wà nínú ẹ̀rọ, tàbí kí ihò àárín abẹ fáànù ti jẹ, kí mọ́tò máa yí, kí fáànù máa yọ̀ lórí irin rẹ̀ láìfa nǹkan kan. (Ẹ má dán èyí wò pẹ̀lú dráyà tó ń lo gáàsì. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, inú páìpù yẹn ló sì ń gbà jáde.)

Nínú páìpù, ẹ ó rí nǹkan. Mo ti fa ẹ̀gbọ̀n òwú tó gùn tó apá mi jáde níbẹ̀, tó ti ki bí ìrọ̀rí, tó tutù nídìí. Mo ti rí ìtẹ́ ẹyẹ lẹ́nu ọ̀nà níta, pẹ̀lú ẹyin nínú rẹ̀, nílé ẹnì kan tó ti pààrọ̀ fíùsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ẹ wo bí páìpù náà ṣe rìn pẹ̀lú. Páìpù irin tó le, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, tí inú rẹ̀ ń dán, ló dára jù. Irú tó ń ká bí ọ̀fun tòlótòló, tí wọ́n fi ike tàbí bébà onírin ṣe, ń kó ẹ̀gbọ̀n sí gbogbo ìṣẹ́po ara rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ike ṣe sì lè gbaná. Ẹ kó o dànù. Gígùn náà ní ìwọ̀n: ìlànà ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kó ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, ìyẹn bíi mítà 10 àti ààbọ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún á sì tún kúrò níbẹ̀ fún gbogbo ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà gbọnrangandan, àfi bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá sọ ohun mìíràn nínú ìwé rẹ̀. Ẹ má fi sukúrù tí ẹnu rẹ̀ yọ sínú de páìpù pọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ̀n á ti kọ́kọ́ há. Téèpù onírin ni kí ẹ lò. Nígbà tí ẹ bá sì ti ẹ̀rọ padà sídìí ògiri, ẹ rọra. Mi ò lè ka iye páìpù tuntun tí mo ti rí tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tẹ̀ pa lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fi í síbẹ̀.

Bí tiyín kò bá ní páìpù rárá, tó jẹ́ irú tó ń rọ omi sínú ọpọ́n kan tí ẹ ń dà nù, ọ̀rọ̀ ọ̀nà afẹ́fẹ́ yìí náà ni, ibi tó ti ń dí ló yàtọ̀. Nísàlẹ̀ níwájú, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà. Ibi tí wọ́n ti ń sọ oru di omi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn kan ẹ lè fà á jáde kí ẹ fi omi ṣàn án. Èyí tó ń lo heat pump (ẹ̀rọ tó ń gbé ooru láti ibì kan sí ibòmíràn bíi ti fíríìjì) kì í sábà ṣeé fà jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ nu ojú rẹ̀ ni, ẹ má sì tẹ àwọn abẹ wínníwínní ara rẹ̀ wọ́. Gáàsì tó wà nínú heat pump wà ní títì pa; ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ jẹ́ oníṣẹ́ fíríìjì tó mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan fíùsì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa ẹ̀rọ lójú rẹ̀ kò tó, iná ń bẹ nínú rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ń lo gáàsì, ẹ ti gáàsì. Bí kàpásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pa mọ́, bá wà nídìí mọ́tò, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó lè mú iná dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà kí ẹ tó yọ ọ̀kankan. Fíùsì ooru jẹ́ nǹkan kékeré funfun tàbí aláwọ̀ irin tí kò gùn tó ìka ọwọ́, ó ń bẹ lára ilé fáànù tàbí lára ilé élímẹ́ǹtì. Ẹ fa wáyà kan ó kéré tán kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó fi mítà, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn iná, wọ̀n ọ́n, àìṣe bẹ́ẹ̀ ni mítà á gba ọ̀nà mìíràn, á sì parọ́ fún yín. Fíùsì tó yè á ka òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Èyí tó kú kò ní ka nǹkan kan.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ wọn élímẹ́ǹtì náà nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ohun tó yẹ kó kà kò ṣòro láti mọ̀: ẹ fi volt lọ́nà volt, kí ẹ wá fi watt tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ pín in. 240 lọ́nà 240, tí a bá fi 5,400 pín in, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná). Fún ẹ̀rọ 230 volt tó ń jẹ 2,500 watt, bíi 21 ohm. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà rẹ̀ ti já níbì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí élímẹ́ǹtì, kí ẹ fi ìkejì kan irin tó bò ó. Kò gbọ́dọ̀ ka nǹkan kan. Bó bá kà, wáyà tó ká bíi sípíríǹgì yẹn ti rọ̀ wálẹ̀, ó ti kan irin, ó sì lè máa gbóná nígbà tí tẹ́mósítáàtì ti ní kó sinmi. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fo ìwọ̀n kejì yìí, wọ́n á fi fíùsì tuntun sí i, á tún jó lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á wá ní ayédèrú fíùsì ni wọ́n tà fún àwọn.

Bí fíùsì bá kú, ẹ pààrọ̀ òun àti tẹ́mósítáàtì tó wà nítòsí rẹ̀ pọ̀. Wọ́n máa ń tà wọ́n pa pọ̀ torí ooru tó pa ọ̀kan ti na èkejì náà. Kí nọ́ńbà ara èyí tí ẹ rà bá ti àtijọ́ mu. Kì í ṣe gbogbo fíùsì tó bá ti wọ ihò ló jẹ́ bákan náà.

Ní ti wáyà tí àbúrò ọkọ yín fẹ́ so, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń rí nínú àwọn tí wọ́n ti so bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìbòrí, ẹ ó rí ẹ̀gbọ̀n tó ti rọ̀ sílẹ̀ yí élímẹ́ǹtì ká. Èyí tó jìnnà sí ooru á funfun, èyí tó súnmọ́ ọn á pọ́n bí iyanrìn, èyí tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí á dúdú létí bí etí bébà tí iná ti fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbọ̀n òwú gbígbẹ ni, ohun tí àwọn àgbà ń fi ṣáná sí nìyẹn. Fíùsì yẹn ni ohun ìkẹyìn tó dúró láàárín òun àti iná. Àjọ panápaná ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, U.S. Fire Administration, ka iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ara dráyà ní ilé gbígbé láàárín 2008 sí 2010, ó sì jẹ́ nǹkan bí 2,900 lọ́dún kan. Ohun tó ṣáájú nínú ohun tó fà á ni pé wọn kò nu ẹ̀rọ wọn. Bí ẹnì kan bá ní ìṣẹ́jú méjì péré lòun fẹ́ fi wáyà dán an wò, ẹ sọ fún un pé mítà á sọ ohun kan náà fún un ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, láìsí iná nínú ẹ̀rọ.

Dídún kíín-kíín yẹn, nǹkan mìíràn ni, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ṣí ẹ̀rọ, ẹ tọ́jú ẹ̀ pọ̀. Àgbá jókòó lórí táyà kéékèèké, bẹ́líìtì kan gùn yí i ká, táyà mìíràn tó ní sípíríǹgì sì ń fa bẹ́líìtì náà le. Èyí tó ń fa bẹ́líìtì le yìí ló sábà máa ń han. Ẹ fi ọwọ́ yí i: bó bá ń yí lọ́nà jàgà-jàgà tàbí tó gbóòórùn irin gbígbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbì-gbì-gbì ló ń dún, ẹ wo àwọn táyà tó gbé àgbá, apá kan lára wọn ti jẹ pẹlẹbẹ. (Gbì-gbì tó ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jẹ́ bẹ́líìtì tó ti jókòó síbì kan fún ìgbà pípẹ́, mi ò kì í yọ ara mi lẹ́nu sí ìyẹn.) Ẹ má da epo kankan sí i. Epo á mú ẹ̀gbọ̀n mọ́ra, ẹ ó sì tún ní ohun mìíràn tó lè gbaná níbẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì náà. Bí etí rẹ̀ bá ti ń tú fọ́nran-fọ́nran, iṣẹ́ kan náà ni títú rẹ̀, ẹ fi tuntun sí i lónìí.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ ra tuntun. Fún ohun tí ẹ kọ yìí, rárá. Fíùsì, tẹ́mósítáàtì, élímẹ́ǹtì, bẹ́líìtì àti táyà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ sọ ẹ̀rọ nù, pàápàá ẹ̀rọ ọdún mẹ́sàn-án tó ṣì ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Bí mọ́tò bá kú, tàbí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ jókòó ṣírò. Bí irin àgbá bá ti dípẹtà tó ń kun aṣọ, èmi ò ní tún un.

Bó bá jẹ́ pé gáàsì ni tiyín ń lò, fíùsì àti páìpù ṣì ni ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fíùsì bá yè, ẹ yọjú wo abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: bí ohun tó ń tan iná bá pọ́n yòò, tó sì tún kú láìsí ọwọ́ iná, àwọn kọ́ìlì tó ń ṣí gáàsì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún oníṣẹ́ gáàsì. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ jáde, ìta ni kí ẹ ti pe ilé iṣẹ́ gáàsì.

Nígbà tí ẹ bá dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ kó aṣọ ìnura tó tutù ní ìwọ̀nba sí i. Kí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti fún un dáadáa o. Aṣọ tó ń kán omi kò sí dráyà tí kò ní fi ṣòfò. Ẹ tan án sí ooru tó ga, kí ẹ lọ dúró níta lẹ́nu páìpù. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, afẹ́fẹ́ á gbóná, ọwọ́ á sì mọ̀ pé ó ní ọ̀rinrin torí omi tó gbé. Ooru á máa dákẹ́, á tún máa padà. Tẹ́mósítáàtì ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ yẹn yẹ kó gbẹ nínú wákàtí kan tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Bí fíùsì tuntun bá sì tún jó láàárín oṣù kan, ẹ má ra ìkẹta: nínú páìpù, élímẹ́ǹtì, abẹ fáànù àti tẹ́mósítáàtì, ọ̀kan wà tí ẹ fò. Abẹ fáànù ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, torí òun ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ tú dé ìdí rẹ̀.